Iṣẹ́ Dókítà Ẹsẹ̀: Ohun Tí Ó Jẹ́ àti Ọ̀nà Tí Ọmọ Àgbẹ̀ Lè Gbà Dé Ibẹ̀

Ní agbègbè Orílẹ̀-Òwu, Ìkirè àti Àpòmù, ẹsẹ̀ ni olórí irinṣẹ́ àgbẹ̀. Kí àdá tàbí ọkọ́ tó ṣiṣẹ́ kankan lóko kòkó, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé olówó rẹ̀ débẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ni yóò sì gbé e padà wá sílé ní ìrọ̀lẹ́, tòun ti ẹrù lórí. Ẹni tí ọwọ́ òsì ń dùn lè fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́, ilé ni yóò jókòó sí títí koríko yóò fi bo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ìwé girama léèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé iṣẹ́ dókítà ni, ekukáká ni a ó sì fi rí ẹyọ kan tí yóò sọ pé ìtọ́jú ẹsẹ̀ ni òun fẹ́ kọ́. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò níyì. Wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí ni.

Dókítà ẹsẹ̀ ni dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ó kọ́kọ́ kọ́ ìtọ́jú gbogbo eegun ara, tí ó sì tún fi àkókò sí i láti mọ ìtọ́jú ọrùn ẹsẹ̀, gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní àmọ̀dunjú. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ibi kékeré ni èyí láti fi gbogbo ayé ẹni kọ́. Eegun 26 ni ó wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ méjèèjì jẹ́ eegun 52, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo eegun àgbàlagbà, láti àtàrí títí dé ilẹ̀, kò ju 206 lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo eegun ara ni Ẹlẹ́dàá kó sí ìsàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù ara ń sọ̀ sí.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń lọ sóko láìwọ bàtà, egbò adáàjiná wà lára ohun tí ó ń sọ alágbára di ẹni tí ń jókòó sílé. Kùkùté lè họ ojúgun, tàbí kí ẹ̀gún gún un nítòsí ọrùn ẹsẹ̀. Láìpẹ́ ojú egbò á fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ẹran ibẹ̀ á kú, á sì máa rùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dojú kọ àrùn yìí ni Sir Samuel Manuwa, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1903. Wọ́n kàwé ní King's College ní Èkó, wọ́n sì lọ sí Yunifásítì Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí wọ́n ti gba oyè dókítà ní ọdún 1926. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n wọ iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n sì fúnra wọn ṣe irú ọ̀bẹ kan tí a fi ń gé ẹran òkú kúrò lójú egbò adáàjiná kí ẹran tútù lè rí àyè hù. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ti Edinburgh gbà wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ àgbà, wọ́n sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí irú oyè bẹ́ẹ̀ tọ́ sí lọ́wọ́. Wọ́n di olórí gbogbo iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba lẹ́yìn náà, wọ́n sì di olùdámọ̀ràn àgbà fún ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀ràn ìlera kí ọlọ́jọ́ tó dé ní ọdún 1976. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé fiyè sí i pé egbò ojúgun àgbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi imú sá fún, wà lára ohun tí ó gbé ọkùnrin yìí ga.

Egbò náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Ìdí tí ó fi ń wá ni ó yí padà. Èyí tí ó ń kó ìdààmú bá dókítà ẹsẹ̀ jù lóde òní ni egbò àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, yóò ba àwọn iṣan tí ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora jẹ́, yóò sì mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ẹsẹ̀ fún pọ̀. Ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kú. Òkúta lè wà nínú sálúbàtà rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má mọ̀. Ó lè ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ń bó ara kí ó má sì fa ẹsẹ̀ yọ. Nítorí pé kò dùn ún, kò ní kà á sí. Ìgbà tí aládùúgbò bá gbọ́ òórùn ni ilé yóò tó mọ̀ pé egbò wà. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ní àkókò, dókítà yóò fọ egbò náà, yóò gé èyí tí ó ti kú kúrò, yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀, yóò sì wá ọgbọ́n tí ara kò fi ní máa tẹ ojú egbò mọ́lẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá ń rìn. Nígbà mìíràn ó gbọ́dọ̀ gé ọmọ ìka kan. Àwọn ẹbí a máa bínú sí èyí, wọn a sì gbé aláìsàn sá kúrò ní ọsibítù, láìmọ̀ pé ọmọ ìka kan tí a gé lónìí ni kò ní jẹ́ kí a gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún ní oṣù mẹ́ta òní. Ẹni tí ó bá ní àrùn yìí, kí ó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní alaalẹ́. Bí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáradára mọ́, kí ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ó bá òun wò ó.

Ọ̀ràn kejì ni ti eegun ṣíṣẹ́. Títì tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ Ìkirè kọjá, ọ̀kadà sì ti di ẹsẹ̀ kejì fún àwọn ará abúlé. Ọkọ̀ ń gbá ọlọ́kadà, ọ̀kadà ń yọ̀ lójú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ ni ó sì ń há sábẹ́ rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ kì í ṣe ibi tí a lè fi ojú wọ̀n tò. Eegun mẹ́ta ni ó pàdé níbẹ̀, tí wọ́n wọ inú ara wọn bí ìdérí ti í wọ ẹnu ìkòkò. Àwọn dókítà méjì, Ramsey àti Hamilton, fi hàn ní ọdún 1976 pé bí eegun inú ọrùn ẹsẹ̀ bá fi mìlímítà kan péré yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ibi tí eegun ti ń kan ara wọn yóò dín kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Mìlímítà kan kò nípọn ju ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ ńlá lọ. Ẹsẹ̀ náà yóò jinná, olówó rẹ̀ yóò sì tún rìn, ṣùgbọ́n eegun yóò máa họ ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí ìrora yóò fi di àìlọ. Ìdí nìyí tí dókítà ẹsẹ̀ fi ń fi irin pẹlẹbẹ àti ìṣó olójú-wíwọ́ de eegun náà sí àyè rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn tí ó bá ti fi X-ray wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn baba tí ń to eegun kò ṣeé fò níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ti tò tí ó sì jinná, pàápàá nígbà tí eegun kò bá yọ síta tí kò sì kan oríkèé. Kò tọ́ kí ẹni tí ó kàwé máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi igi de ẹsẹ̀ tí ó ti wú, tí a sì dè é pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ọmọ ìka mọ́, ẹsẹ̀ náà yóò sì kú mọ́ inú ìdè. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí a ń gé ní àwọn ọsibítù wa, bí a ṣe débẹ̀ nìyí. Bí ọmọ ìka aláìsàn bá ti tutù, tí ó dúdú, tàbí tí kò mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, kí a tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀, kí a sì wá ọkọ̀.

Èyí tí inú àwọn dókítà fúnra wọn ń dùn sí jù ni ti àwọn ọmọ ọwọ́. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni à ń pè é. Orúkọ ni, kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí a bí tí ẹsẹ̀ wọn yí sínú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì kọjú síra. Nínú ọmọ ẹgbẹ̀rún kan tí a bá bí, ó tó ẹyọ kan tí ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ṣẹ̀, kò jẹ èèwọ̀, ọ̀tá kankan kò sì fi ṣe é. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni yóò fi máa rìn títí yóò fi dàgbà, bàtà kò ní wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ irú wọn ni ó sì ń parí sí ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ń ṣagbe.

Tẹ́lẹ̀ rí, abẹ ni àwọn dókítà fi ń la irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ọmọ náà bá sì dàgbà, ẹsẹ̀ á gan, á máa dùn ún. Ẹni tí ó yí èyí padà ni Ignacio Ponseti. Ọmọ ilẹ̀ Spéènì ni, a bí i ní ọdún 1914 ní erékùṣù Menorca, bàbá rẹ̀ sì ń tún aago ṣe. Ó tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ Spéènì, ó sá gba ilẹ̀ Faransé lọ sí Mẹ́síkò, ó sì dé Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1941. Níbẹ̀ ni ó ti ṣàkíyèsí pé eegun ọmọ ọwọ́ ṣì rọ̀, pé bí a bá ń fi ọwọ́ rọra tẹ̀ ẹ́ padà, tí a sì ń fi POP dè é bí ó bá ti tẹ̀ dé, yóò tò fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni a ń pààrọ̀ POP náà, nǹkan bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, dókítà yóò fi ojú abẹ kékeré gé iṣan gìgísẹ̀ kí gìgísẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Iṣan náà yóò tún so pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí POP ìkẹyìn wà lẹ́sẹ̀. Ó ku bàtà méjì tí a fi irin so pọ̀, tí ọmọ yóò máa wọ̀ tọ̀sán-tòru fún oṣù mẹ́ta, àti lálẹ́ nìkan títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí Ponseti fi ń ṣe èyí kí ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbà á gbọ́; nígbà tí ó kú ní ọdún 2009, ìlànà rẹ̀ ni gbogbo ayé ń tẹ̀ lé. Wọ́n ń lò ó ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìkirè, àti ní àwọn ọsibítù ńlá mìíràn ní Nàìjíríà.

Báwo wá ni ọmọ Orílẹ̀-Òwu ṣe lè di irú dókítà bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà náà jìn, ó sì dára kí a mọ jíjìn rẹ̀ kí a tó gbéra. Ilé-ìwé girama ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá dé kíláàsì àgbà, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ni kí ó wọ̀. Ó gbọ́dọ̀ yege dáradára nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics nínú ìdánwò àṣejáde, kí ó sì gba máàkì gíga nínú ìdánwò JAMB, nítorí pé àwọn tí ń wá ẹ̀kọ́ ìṣègùn pọ̀ ju àyè tí ó wà lọ. Níbi tí ilé-ìwé kò bá ní olùkọ́ Physics, kí àwọn òbí má dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí rẹ̀ pé ni ó kùnà níbẹ̀, kì í ṣe ní yunifásítì.

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sì ti sọ ọ́ di méje tàbí mẹ́jọ fún àwọn kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún kan tí dókítà tuntun yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà ní ọsibítù, àti ọdún kan tí yóò fi sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìgbà yìí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ eegun. Yóò ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ ti West African College of Surgeons, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, tàbí ti National Postgraduate Medical College, tí òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1979. Bí ó bá yege, ọsibítù ńlá kan yóò gbà á fún bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Ó lè jẹ́ UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1957. Ó lè jẹ́ Ilé-Ifẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ọsibítù eegun ti Ìgbóbì ní Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ìdánwò ìkẹyìn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ ni ó ń lọ fi oṣù mélòó kan tàbí ọdún kan kọ́ ọ sí i lọ́dọ̀ àwọn àgbà iṣẹ́ náà ní Íńdíà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí níbòmíràn. Ọmọ tí ó wọ yunifásítì ní ọmọ ọdún 18 yóò ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáradára kí a tó máa pè é ní àgbà nínú iṣẹ́ yìí.

Àwọn òbí gbọ́ èyí, wọ́n sì ń mirí pé ta ni yóò máa san owó ilé-ìwé fún irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rò nìyí. Owó ilé-ìwé parí pẹ̀lú ọdún mẹ́fà ti yunifásítì. Láti ọjọ́ tí ó bá ti wọ ọsibítù ni dókítà ti ń gba owó oṣù, àti nígbà tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ eegun pàápàá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2017 tilẹ̀ pèsè pé kí a máa yan owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn dókítà wọ̀nyí. Ìnira tòótọ́ wà níbòmíràn: òru àìsùn, ìdánwò tí àwọn mìíràn ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, àti iná mànàmáná tí ń lọ nígbà tí a kò fẹ́ kí ó lọ. Ẹni tí ń wá owó kíákíá, kí ó má dà á láàmú. Ọ̀pọ̀ dókítà ni ó sì ń kó lọ sí òkè òkun, a kò sì lè fi gbogbo ẹnu bá wọn wí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ ni iṣẹ́ tí ń dúró de ẹni tí ó bá kù ń pọ̀ sí i, ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì ní jókòó lásán lọ́jọ́ kan.

Èrò kan tún wà pé iṣẹ́ eegun, iṣẹ́ ọkùnrin ni, nítorí agbára. Títo ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ kò gba agbára ju kíká irun lọ. Ìka tí ó mọ ohun tí ó ń fọwọ́ kàn àti sùúrù ni ó gbà, kò sì sí ìdí tí a ó fi dá ọmọbìnrin tí ó mọ sáyẹ́ǹsì padà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, yálà ọjà Àpòmù tàbí ti ìmọ̀. Ọmọ tí kò bá rí àyè wọ ẹ̀kọ́ dókítà lè di nọ́ọ̀sì tí ó mọ ìtọ́jú eegun, tàbí ẹni tí ń di POP, tàbí ẹni tí ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún kọ́ ìrìn, tàbí ẹni tí ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Dókítà ẹsẹ̀ kò lè ṣe ohunkóhun láìsí wọn. Bàtà onírin tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń wọ̀, èyí tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, àpẹẹrẹ kan ni. Èyí tí a ń rà láti òkè òkun wọ́n. Ní ilẹ̀ Uganda, Michiel Steenbeek ṣe irú tirẹ̀ pẹ̀lú awọ àti irin tí a ń rí nínú ọjà lásán, kí àwọn aránbàtà àti àwọn ajórin tí ó wà nítòsí lè máa ṣe é, wọ́n sì ti ń lò ó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kò sí ohun tí ó wà nínú bàtà náà tí aránbàtà àti ajórin ìlú Ìkirè kò ní lọ́wọ́, bí dókítà kan bá lè fi hàn wọ́n bí a ti ń wọ̀n ọ́n sí ẹsẹ̀ ọmọ.